Oore Tó Ní Ká Lóṣòó Ti Òun

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ohun tó ń sọ ni pé bí o bá ṣe ènìyàn lóore, gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Má dúró máa wo ojú onítọ̀hún bóyá yóò dúpẹ́. Àwa náà gbà á bẹ́ẹ̀, títí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó jẹ́ ká rí i pé irú oore kan wà tó jẹ́ pé bí a ò bá lóṣòó tì í, kíkú ló máa kú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára irú oore bẹ́ẹ̀.

A ò pọ̀. Àwọn kan nínú wa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, àwọn kan jẹ́ tíṣà, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Èkó àti Ìbàdàn la fọ́n ká sí, ẹnì kan wà ní London, ṣùgbọ́n Olúpọ̀nnà ló so wá pọ̀, ìlú tó wà lágbègbè Ìwó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire. Fídíò kéékèèké là ń ṣe, tó ń ṣàlàyé ìṣirò ní Yorùbá fún àwọn ọmọ tó ń múra WAEC àti NECO. Ẹnikẹ́ni lè wò ó láìsanwó, kò sì sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ nínú wa. Fídíò ìṣẹ́jú méje péré lè jẹ alẹ́ mẹ́ta. Ẹnì kan á kọ ohun tí a fẹ́ sọ sílẹ̀, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìṣirò náà tọ̀nà, ẹni tó lóhùn á dúró di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá dákẹ́ kó tó gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà á wá fún fídíò náà mọ́ra títí tí kò fi ní jẹ dátà ọmọ ọlọ́mọ tán.

Ká tó gbé ẹyọ kan jáde, a kó mẹ́ta lọ fi han tíṣà ìṣirò kan nílùú náà, ìyá àgbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wò ó lórí fóònù wa, inú wọn dùn, wọ́n sì gbàdúrà fún wa. Wọ́n wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ẹ bá dáwọ́ dúró, ta ni kí àwọn ọmọ yìí wá bá?”

A ní, “Mọ̀mí, a ò ní dáwọ́ dúró mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n máa wá bá ni mo bèèrè.”

Ìbéèrè yẹn dá ìjà sílẹ̀ lórí WhatsApp wa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àwọn kan ní, gbèsè wo la jẹ? Ẹni tó fún ọ níṣu lónìí, ṣé ó ṣèlérí iṣu fún ọ lọ́la ni? Ẹ̀bùn lorúkọ ẹ̀bùn. Tí ẹ bá sọ ọ́ di gbèsè, ta ló tún máa fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, a ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú wa níyàwó, ó bí ọmọ méjì, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tí kì í ní aago tó ń parí. Wákàtí méjì tó ń yọ fún wa lọ́sẹ̀, oorun tí kò sùn ni. Kẹ́nì kan wá sọ fún un pé ó ti di onígbèsè nítorí pé ó yọ̀ǹda oorun rẹ̀, ìwà àìmoore ló jọ lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwa náà ńkọ́?

Àwa tó kù wá lọ wo bí àwọn baba wa ṣe máa ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láìgbowó. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ sì wà. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ bíi mélòó kan á jọ ro oko tèmi lónìí, wọ́n á ro tìrẹ lọ́la. Gbèsè pọ́ńbélé ni. Iye ọjọ́ tí mo bá fi ṣiṣẹ́ lóko rẹ ni wàá fi ṣiṣẹ́ lóko mi, ẹni tó bá sì jẹ àáró tí kò san án, orúkọ rẹ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹni tí iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, bóyá ilé ló fẹ́ kọ́, bóyá oko àna rẹ̀ ló fẹ́ ro, á bẹ ará àti ọ̀rẹ́ lọ́wẹ̀, á sì wá oúnjẹ àti ẹmu dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ sí i lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan. Nínú méjèèjì, ẹni tí à ń ṣiṣẹ́ fún wà níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ wa. Bí ebè bá wọ́, ó lè sọ pé ebè yìí wọ́. Bí a bá sì kọ́ ilé dé ìdajì tí a pa á tì, àlàpà náà á wà níbẹ̀, a ó sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ títí ojú á fi tì wá. Iṣẹ́ tiwa kò ní àlàpà. Ọmọ tó ń wo fídíò wa lẹ́yìnkùlé wọn, a ò mọ̀ ọ́n, kò sì mọ̀ wá. Bí a bá dáwọ́ dúró lágbede méjì, ohun tó máa rí kò ju pé fídíò tuntun ò jáde mọ́. Á rò pé bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. A lè pa á tì kí orúkọ wa má bà jẹ́ rárá, ká tiẹ̀ ṣì máa kọ ọ́ sínú CV wa pé a ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa, ẹ jẹ́ ká rántí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣolórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Apá ibi tí gbogbo wa fẹ́ràn láti máa sọ nìyẹn. Apá kejì ni pé owó orí wà lára ohun tí wọ́n fi gbé e, àwọn ènìyàn sì bínú sí owó orí náà débi pé ó wà lára ohun tó jẹ́ kí NCNC na Action Group lágbègbè Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Baba àti ìyá tó sanwó orí mọ iye tí ọ̀fẹ́ náà ná òun. Nítorí náà, bí òrùlé kíláàsì bá ń jò, ó lẹ́nu láti sọ̀rọ̀.

Ní Ọ̀ṣun tiwa níbí náà, ní 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, tó ń ṣiṣẹ́ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. 150,000 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ pín. Àwọn ènìyàn yìn ín, àwọn ènìyàn sì bú u. Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni ẹnu tí wọ́n ní láti fi bú u: owó ìlú ni, ìlú sì mọ ọ́fíìsì tó yẹ kó lọ. Ọmọ tó bá ń lo fídíò tiwa kò ní ọ́fíìsì kankan. Bó bá ráhùn, gbogbo ayé á ní, “Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ọ?” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́.

Àwọn kan ti rìn lójú ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní 2004, Salman Khan, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìdókòwò kan ní Boston, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Nadia, ọmọ ìbátan rẹ̀ tó wà ní New Orleans, ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ ẹbí mìíràn gbọ́, wọ́n dara pọ̀. Nígbà tó di 2006 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò sórí YouTube, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2009, Google sì kéde mílíọ̀nù méjì dọ́là fún Khan Academy ní 2010. Owó Google yẹn ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Lójú tiwa, Nadia ni ìtàn náà. Nígbà tó jẹ́ Nadia nìkan, ó mọ ẹni tó ń kọ́ òun, ó lè pè é kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá lánàá.” Nígbà tí Nadia di mílíọ̀nù ọmọ, kò sí ẹni tó lè pe ẹ̀gbọ́n mọ́, alẹ́ ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè gbé e. Ó ní láti di àjọ tó ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó.

University of the People, tí Shai Reshef dá sílẹ̀ ní 2009, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó yọ̀ǹda ara wọn pọ̀ níbẹ̀ gan-an, kò sì sí owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ìdánwò. A ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń yẹ̀yẹ́ wọn pé ọ̀fẹ́ wo ló tún ń gbowó. Àwa ò bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Owó yẹn ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ, òun náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi nàka sí wọn pé, ẹ gbowó mi, ẹ dá mi lóhùn. Ìṣòro tiwa ni pé bí a bá ní kí ọmọ tó ń lo fóònù ìyá rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà san ẹgbẹ̀rún kan náírà pẹ́rẹ́, a ti lé èyí tí iṣẹ́ náà wà fún dànù. Nítorí náà a ò ní gba owó. A sì ní láti wá nǹkan mìíràn tí yóò fún un lẹ́nu.

Níbo wá ni gbèsè náà ti wá? Ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣu. Iṣu tí o fún mi lónìí, mo jẹ ẹ́, mo yó, ó tán. Bí o kò bá fún mi lọ́la, ibi tí mo wà kí o tó dé náà ni mo padà sí. Ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan wà tí àwọn òbí rẹ̀ ń sanwó lẹ́sìnnì fún lóṣooṣù. Ó rí fídíò wa ní oṣù kẹwàá, ó dára, ó yé e, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ sanwó lẹ́sìnnì mọ́. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi owó náà ra nǹkan mìíràn sílé. Ọgbọ́n ni wọ́n lò. Nígbà tó bá wá di oṣù kejì, tí ọwọ́ wa dí, tí a dúró sórí ìdọ́gba láìdé ibi tó kù, lẹ́sìnnì ti lọ jìnnà, owó ti lọ, WAEC kò sì ní sún ọjọ́ síwájú nítorí rẹ̀. Ọmọ yẹn kò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló wà. Ká ní a ò dé rárá, ì bá sàn fún un.

Ohun tí ẹgbẹ́ kejì nínú ìjà wa ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó gbé àkàsọ̀ fún ènìyàn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè àkàsọ̀. Àmọ́ nígbà tí onítọ̀hún bá ti gùn ún dé ààrin, kò sí láyé pé kó ní “tèmi ni, mo fẹ́ gbé e lọ.” Nítorí pé ọmọ náà fara ti wa ni a fi jẹ gbèsè. Àwa la sì ní kó fara tì wá, a kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé “Ẹ wá kọ́ ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́.”

Ọ̀fẹ́ tún máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ má dára. A ti rí i nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí ènìyàn ò jẹ́ gbé fún kọ́sítọ́mà tó sanwó ni yóò gbé fún gbogbo ayé nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Tíṣà tó bá ṣi nǹkan kọ lójú pátákó, ọmọ kan á nawọ́, á ní “Tíṣà, mẹ́fà kọ́.” Fídíò kì í rí ọwọ́ tó nà. Níbi ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí a fi ń ṣe àwòkọ́ṣe kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá: Ọ̀jọ̀gbọ́n Bábátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n kọ ìwé fún un, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n WAEC tí àwọn ọmọ tiwa fẹ́ ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìbéèrè rẹ̀. Bí a bá kọ́ ọmọ ní ìdọ́gba tí a ò sì jẹ́ kó mọ orúkọ tí ìwé ìbéèrè máa fi pè é, kọ́kọ́rọ́ tí kò bá ilẹ̀kùn mu la fún un. Orúkọ méjèèjì ló ń wà nínú fídíò wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ràn èdè yìí bí ẹ̀mí bínú, ó ní a tún ti foríbalẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ìdánwò ọmọ la fi ṣáájú.

Gbèsè tí à ń wí yìí kì í ṣe ti títí ayé. Bó bá jẹ́ ti títí ayé ni, ẹni tó ní òun ò sùn yẹn jàre, kò sí ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀ lè lọ. Bó ṣe máa lọ ni ọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń bèèrè nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan pé ẹni mélòó ló gbọ́dọ̀ ṣàìsí kí iṣẹ́ náà tó dúró pátápátá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ìdáhùn rẹ̀. Òun nìkan ló ní pásíwọ́ọ̀dù, káàdì báǹkì rẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó àdírẹ́sì ìkànnì lọ́dọọdún. Bó bá gbàgbé, tí owó náà kò wọlé, àdírẹ́sì náà di ọjà, ẹlòmíràn á rà á. Àwọn oní-tẹ́tẹ́ fẹ́ràn irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ torí pé àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá tẹ ibi tó ti máa ń kọ́ ìdá àti ìdọ́gba á wá bá tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wa.

Nítorí náà, ẹni mẹ́ta ló ní pásíwọ́ọ̀dù wa, ọ̀kan nínú wọn ń gbé Olúpọ̀nnà. Ìwé àṣẹ Creative Commons wà lórí gbogbo fídíò, kẹ́nikẹ́ni lè dà á kọ kó sì máa bá a lọ láìbẹ̀ wá. Ọ̀nà yìí la rí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ tí ìkànnì rẹ̀ ṣí ní 2016: àwọn tó kọ́ ọ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ síta, kẹ́lòmíràn lè wò ó kó sì tún un ṣe. A sì kó ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí memory card, a fún ilé-ẹ̀kọ́. Ọgbọ́n èyí kì í ṣe tiwa. Ní 2012, Jamie Alexandre àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ní University of California, San Diego, kọ KA Lite, kí àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè máa wo fídíò Khan láti inú kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú kíláàsì. Àwọn kan náà ló dá Learning Equality sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe Kolibri rọ́pò rẹ̀. Ohun tó mú wa fẹ́ràn irú ètò yìí ni pé ohun tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, bí àwa bá kú, kò ní kú.

Lókè ojú ewé wa, a kọ ọ́ ní Yorùbá tí kò lọ́ pọ̀ pé orí-ẹ̀kọ́ mọ́kànlá là ń ṣe lọ́dún yìí, a dárúkọ wọn, a kọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jáde, a sì kọ ọ́ pé bí ó bá kù oṣù mẹ́ta ká dáwọ́ dúró, ibẹ̀ la ó ti kéde rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n lè pè láti fi bú wa wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀bùn kì í ṣe gbèsè kò tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní àdéhùn yìí ti sọ oore di iṣẹ́ ìjọba. Ó ṣì ń yọ wákàtí méjì rẹ̀ lọ́sẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan pe nọ́ńbà yẹn. Ó ní òun wo gbogbo rẹ̀, ó yé òun, trigonometry ló kù tó ń dààmú òun, ìgbà wo la máa ṣe é? Inú WhatsApp gbóná, àwọn kan ní ká kàn ṣe é fún un. Kò sí lára mọ́kànlá. Ẹni tí nọ́ńbà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ pe ọmọ náà padà, ó ní, “Àbúrò, kò sí lára ti ọdún yìí. Má dúró dè wá. Lọ bá tíṣà yín, tí dátà bá sì wà, lọ wo ti Khan, Gẹ̀ẹ́sì ni ṣùgbọ́n á yé ẹ.” Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì pa fóònù rẹ̀.